Gọ́fánọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń gé koríko, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń sẹ́tì ẹ̀

Gọ́fánọ̀ ni ohun tó ń ṣọ́ eré ẹ́ńjìnnì kó má bàa pọ̀ jù tàbí kéré jù. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú tí lífà ẹ̀ ṣì wà níbi eré tó pọ̀ jù, tọ́rọ́tù ẹ̀, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tí atẹ́gùn àti epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu ni, kò bàjẹ́ o. Sípíríìngì ló fà á ṣí. Tí ẹ́ńjìnnì bá wá ń ṣiṣẹ́, gọ́fánọ̀ á máa tì í padà kó lè pa dé, ìjàkadì àwọn méjèèjì ló ń mú kí eré dúró sójú kan. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan irin kéékèèké ló máa ń fẹ̀ síta bí eré bá ṣe ń pọ̀, nínú àwọn míì atẹ́gùn tí fáìwíìlì, ìyẹn àgbá tó ń yí lára ẹ́ńjìnnì, ń fẹ́ ló ń ti nǹkan pẹlẹbẹ kan. Abẹ wọ koríko tó ki, eré wálẹ̀, agbára gọ́fánọ̀ dín kù, sípíríìngì ráyè fa tọ́rọ́tù, eré tún gòkè.

Èyí tó ń lo irin nìkan ló ní ọ̀pá tí wọ́n ń sẹ́tì. Kọ́kọ́ yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì, jọ̀ọ́, má fojú kéré ẹ̀. Dẹ nọ́ọ̀tì tó di apá gọ́fánọ̀ mọ́ ọ̀pá tó yọ jáde lára ẹ́ńjìnnì, má yọ ọ́ tán. Sún apá yẹn títí tọ́rọ́tù á fi ṣí pátápátá, dì í mú síbẹ̀, kó o wá yí ọ̀pá náà síbi tí apá yẹn yí sí gan-an títí kò fi ní lọ mọ́, láìfi agbára ṣe é, kó o sì di nọ́ọ̀tì padà. Ibi yíyí ọ̀pá yìí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù, torí tó o bá yí i sódì, gọ́fánọ̀ ò ní lè ti tọ́rọ́tù pa, eré á sì ya wèrè.

Yíyí ọ̀pá yẹn kọ́ ló ń pinnu iye eré o, sípíríìngì ló ń pinnu ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré ò gbọ́dọ̀ kọjá yípo 3600 láàárín ìṣẹ́jú kan, tàwọn tó ń gé koríko sì sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ìyẹn torí abẹ, nítorí náà nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ẹ̀ ni kó o lò, kó o fi mítà tó ń ka eré wọ̀n ọ́n, má kàn fi etí lásán díwọ̀n ẹ̀. Àwọn tó ń fa sípíríìngì le kí koríko lè tètè tán, ọ̀pá písítìnì lè já mọ́ wọn lọ́wọ́, abẹ náà sì lè fò yọ.

Tí eré bá kàn ń lọ sókè sódò ńkọ́? Yẹ kábúrétọ̀, ìyẹn ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀, wò kó o tó fọwọ́ kan gọ́fánọ̀ rárá, ihò kékeré tí epo ń gbà níbẹ̀ ló sábà máa ń dí. Tíyẹn bá mọ́, wo ihò tí wọ́n fi sípíríìngì kọ́ lára apá gọ́fánọ̀, bí wọ́n bá ti sún un sún mọ́ ìdí apá yẹn jù, eré ò ní lè dúró.