Kẹ́místrì aláwọ̀ ewé àti ike tó ṣeé tún lò

Kẹ́místrì aláwọ̀ ewé ni ẹ̀ka kẹ́místrì tó ń wá bí a ó ṣe máa ṣe ohun èlò láìlo májèlé, tí ohun èlò náà kò sì ní di ẹrù ìdọ̀tí lọ́jọ́ iwájú. Paul Anastas àti John Warner, ọmọ Amẹ́ríkà méjèèjì, ló to ìlànà rẹ̀ méjìlá jọ ní 1998. Ìkẹwàá nínú wọn ní kí ohun tí a bá ṣe lè jẹrà nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí.

Ìyẹn kì í ṣe ohun tuntun ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Ewé tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ ń jẹrà lórí ààtàn, bí ewúrẹ́ kò bá tètè jẹ ẹ́. Ọ̀rá dúdú tó gbapò rẹ̀ lọ́jà kì í jẹrà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2017, orílẹ̀-èdè Benin fi òfin 2017-39 ka ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀.

Ọ̀rọ̀ àtúnlò le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ike ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ike kan tí wọ́n ń pè ní PET ni wọ́n fi ń ṣe ìgò omi. Ní Àjàṣẹ́ ó máa ń pẹ́ kó tó di ìdọ̀tí: wọ́n á ṣàn án, wọ́n á rọ epo pupa tàbí sódábì, ìyẹn ògógóró, sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ́ ọ, ooru náà gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 260°C. PVC, ike tí àwọn púlọ́ńbà mọ̀ dáadáa, kò lè fara da irú ooru bẹ́ẹ̀. Bí èérún rẹ̀ díẹ̀ bá wà níbẹ̀, á tú ásíìdì jáde, ásíìdì náà á sì máa já ẹ̀wọ̀n mólékù PET. Ike tó jáde á pupa rúsúrúsú, kò sì ní lágbára mọ́. Omi kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, torí àwọn méjèèjì ló ń rì. Nígbà mìíràn, ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ orúkọ sí lára ìgò ni PVC ọ̀hún! Bí wọ́n bá fi ike tó ń léfòó ṣe é, wàhálà náà tán.

Àwọ̀ náà ń dá kún un: ẹ̀rọ tó ń ṣa ike kì í sábà rí ike dúdú, nítorí èédú inú rẹ̀ ń gbé ìtànṣán ẹ̀rọ náà mì.

PLA, ike tí wọ́n ń ṣe láti inú ṣúgà àgbàdo tàbí ti ẹ̀gẹ́, ń jẹrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú òkìtì ajílẹ̀ tó gbóná tó nǹkan bí 60°C ni. Bó bá bọ́ sínú ọ̀sà Àjàṣẹ́, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.