Ṣé lóòótọ́ ni pé irin gbígbé ò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú 45 lọ?

Iwájú jíìmù kan ní àdúgbò Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò wa kan, ọmọ yunifásítì LAUTECH, ti ká báàgì ẹ̀ ó ti ń lọlé, ló bá yíjú padà sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o, ẹ ti lo wákàtí kan lé níbí. Wọ́n ní tó bá ti ju ìṣẹ́jú 45 lọ, ara ló ń jẹ iṣan ara ẹ̀ yẹn." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń bi mí lọ, ìbéèrè ń gorí ìbéèrè, mo wá ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ torí òun nìkan kọ́ ló ń bi mí.

Ta ló tiẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 45 yìí ná?

Ó ti pẹ́ nílẹ̀. Àwọn tó ń sọ ọ́ sábà máa ń tọ́ka sí Bùlùgéríà. Kóòṣì wọn kan wà tó ń jẹ́ Ivan Abadjiev, òun ló sọ orílẹ̀-èdè kékeré yẹn di ẹ̀rù jẹ̀jẹ̀ nídìí irin gbígbé ní Òlíḿpíìkì láyé ìgbà yẹn. Ohun tó máa ń ṣe ni pé á gé iṣẹ́ ọjọ́ kan sí wẹ́wẹ́, wọ́n á gbé irin fún bí ìṣẹ́jú 30 sí 45, wọ́n á lọ sinmi, wọ́n á tún padà wá, wọ́n á tún lọ sinmi, bó ṣe máa ń lọ nìyẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwa wá gbọ́ 45, a ò gbọ́ pé wọ́n ń padà wá.

Kọ́tísọ́ọ̀lù, họ́mónù tí ara máa ń tú jáde tí wàhálà bá bá a, òun ńkọ́? Wọ́n ní òun ló ń jẹ iṣan.

Kọ́tísọ́ọ̀lù máa ń gòkè lóòótọ́ téèyàn bá ń ṣiṣẹ́ agbára, testosterone, ìyẹn họ́mónù ọkùnrin, náà á gòkè díẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀, kò sírọ́ níbẹ̀. Ibi tírọ́ wà ni pé ìyẹn ló ń pinnu bóyá iṣan á tóbi. Àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì McMaster ní Kánádà kó ọ̀dọ́kùnrin 56 jọ, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé irin fún ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n sì ń wo họ́mónù tó ń gòkè tí wọ́n bá gbé e tán. Ọdún 2012 lèsì ẹ̀ jáde: bí testosterone ṣe gòkè tó ò bá bí iṣan ṣe dàgbà tó tan rárá, kódà àwọn tí kọ́tísọ́ọ̀lù wọn gòkè jù niṣan wọn tún fẹ́ tóbi díẹ̀ sí i. Ẹ ò rí nǹkan!

Ohun tó lè dà ẹ́ láàmú tó o bá pẹ́ nídìí ẹ̀ ni ebi. Àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Àjílété tí wọ́n ń kì pé a máa ń jẹkà ká tó mu ẹ̀kọ yangan, kí ni ebi wá ń wá lára wa nídìí irin?

Ó dáa, wákàtí mélòó gan-an ló yẹ kó jẹ́?

Ìṣírò ni. Tó o bá gbé irin ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, bí sẹ́kọ́ǹdì 40 nìyẹn. Tó o bá sinmi ìṣẹ́jú 3 lẹ́yìn ẹ̀, sẹ́ẹ̀tì kan ti gba ìṣẹ́jú 3 àti sẹ́kọ́ǹdì 40. Ẹni tó bá ṣe sẹ́ẹ̀tì 16, wákàtí kan ku bí ìṣẹ́jú kan ló lò yẹn. Kó o wá fi ìṣẹ́jú 10 sí 15 tó o fi mú ara gbóná sí i, tó o kọ́kọ́ gbé irin lásán, tó o wá ń fi pléètì, àwọn irin róbótó ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, sí i díẹ̀díẹ̀, ó ti di bí ìṣẹ́jú 70 sí 75, bẹ́ẹ̀ ni o ò tíì ṣeré o. Ẹni tó sì ń gbé èyí tó wúwo gan-an, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló lè gbé e, tó ń sinmi fún ìṣẹ́jú 5, wákàtí méjì lè kọjá lórí ẹ̀, kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní tiẹ̀, sẹ́ẹ̀tì 8 sí 10 ti tó o, irin ẹ̀ ò tíì wúwo tó ohun tó ń fẹ́ ìsinmi gígùn, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 ó ti parí.

Ṣé mi ò lè gé ìsinmi yẹn kù ni?

Mo ti gé e rí. Èmi náà gbọ́ ọ̀rọ̀ 45 yìí, mo wá fi aago fóònù sí sẹ́kọ́ǹdì 60. Bench ni, èyí téèyàn máa ń dùbúlẹ̀ lórí àga gbọọrọ kó ti irin sókè látàyà, kílò 80, tí mo máa ń gbé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lọ́nà mẹ́rin. Àkọ́kọ́, mẹ́jọ. Èkejì, mẹ́fà. Ẹ̀kẹta, mẹ́ta, mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀kẹrin sọ̀ kalẹ̀ ó sì jókòó sí mi láyà, kò dìde mọ́. Mo ń pariwo, ariwo jẹnẹrétọ̀ bò mí mọ́lẹ̀, mo bá rọra fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, Ọlọ́run ló ní kí n má fi ìdè há pléètì lọ́jọ́ náà, tọ̀tún yọ́ bọ́ sílẹ̀, tòsì fò lọ gbàràgàdà, táìlì kan fọ́ sí méjì. Èmi ni mo san owó ẹ̀. Ẹ bá mi kà á: 32 ló yẹ kí n gbé, 17 ni mo gbé. Nígbà tí mo padà sí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé 31.

Kò sí idán níbẹ̀. Agbára tí iṣan fi ń gbé ohun tó wúwo, ara ohun kan tí wọ́n ń pè ní creatine phosphate ló ti ń rí púpọ̀ nínú ẹ̀, ní bíi sẹ́kọ́ǹdì 10 ó ti ń lọ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, bí ìdajì ẹ̀ á padà láàárín bíi sẹ́kọ́ǹdì 30, ṣùgbọ́n kó tó kún dáadáa, ó di ìṣẹ́jú 3 sí 5. Wọ́n dán an wò nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2016: ọkùnrin 21 tó ti ń gbé irin tẹ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ 8, àwọn kan ń sinmi ìṣẹ́jú 1, àwọn tó kù ìṣẹ́jú 3, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Àwọn oníṣẹ̀ẹ́jú mẹ́ta ló lágbára jù nídìí squat (kéèyàn gbé irin sí èjìká, kó lóṣòó, kó sì dìde) àti bench, itan wọn ló sì nípọn jù. Àní nídìí ìdíje pàápàá, irú èyí tí Rafiatu Folashade Lawal ti gba góòlù fún Nàìjíríà nínú ìdíje Commonwealth ní Birmingham lọ́dún 2022, ìṣẹ́jú kan ni wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá pè sídìí irin, àmọ́ tó bá jẹ́ pé òun náà ló tún kàn láì sí ẹlòmíì láàárín, wọ́n á sọ ọ́ di méjì. Àwọn tó ṣòfin yẹn náà mọ̀.

Bọ̀dá kan wà tó ń lo wákàtí mẹ́ta lójoojúmọ́. Ṣé ká fara wé wọn?

Rárá o. Mo ka tiwọn lọ́jọ́ kan, ẹ̀mí èṣù ló ní kí n kà á: wákàtí méjì ààbọ̀, sẹ́ẹ̀tì 11. Èyí tó kù, Arsenal ni, àti ìpè kan tí wọ́n fi ń sọ pé "mo ti wà lójú ọ̀nà Tákìe, mo ti ń bọ̀" nígbà tí wọ́n jókòó lórí bench táwa mẹ́ta ń dúró dè. Àmọ́ ká sòótọ́, jíìmù wa náà ń dá kún un, láàárín aago márùn-ún sí méje ìrọ̀lẹ́, irin kan, èèyàn mẹ́fà.

Ìṣẹ́jú 40 péré ni mo ní kí n tó lọ sí kíláàsì.

Ó tó. Mú méjì tí kò lo iṣan kan náà, bíi bench àti row (kéèyàn tẹ̀ síwájú kó máa fa irin wá sí ikùn), kó o máa gbé ọ̀kan nígbà tí iṣan èkejì ń sinmi. Tàbí kó o pín in sí ọjọ́ púpọ̀: sẹ́ẹ̀tì 16 lọ́jọ́ mẹ́ta jẹ́ 48, 12 lọ́jọ́ mẹ́rin náà 48 ni, àpapọ̀ ọ̀sẹ̀ niṣan ń wò. Má ṣáà fi squat tó wúwo sínú ìkánjú.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó fún tòní?

Irin fúnra ẹ̀ á sọ fún ẹ. Tí èyí tó o gbé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ bá di márùn-ún, tó o sinmi dáadáa, tó o padà síbẹ̀ tó ṣì jẹ́ márùn-ún, tàbí tí ẹ̀yìn ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ nídìí deadlift (kéèyàn gbé irin nílẹ̀ dìde) tó ti ń nà tẹ́lẹ̀, ó parí nìyẹn, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú 50 lo ṣì lò. Nínú oṣù kẹta tí páànù jíìmù ń gbóná bí ààrò, tiẹ̀ tètè retí ẹ̀, kó o sì gbé omi dání. Kó pléètì padà sáyè ẹ̀, kó o nu òógùn ẹ kúrò lórí bench, ẹlòmíì ń dúró.