Ihò Làgbà Ilé: Ibi Tí Àwọn Ẹranko Ti Kọ́ Bí A Ṣe Ń La Àkúrun Kọjá

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́dún tí ìyá mi àgbà ní kí n wá bá òun kó ewé gbígbẹ kúrò lóko wa lẹ́yìn odi Kétu, ìlú wa ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ náà. Lábẹ́ ewé, ọkọ́ mi kan nǹkan líle. Ìgbín ni. Ó ti ri ara rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pupa wa, ẹnu ìkarahun rẹ̀ nìkan ló hàn, àwọ̀ funfun kan sì bo ẹnu náà pa, ó gbẹ bíi bébà, ó le débi pé èékánná mi ò wọ̀ ọ́. Mo fẹ́ fi igi tú u. Màmá ní, "Fi í sílẹ̀. Kò kú. Ó tìlẹ̀kùn ni, ó ń dúró de òjò."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ihò ti wọ̀ mí lára. Nígbà tí mo dàgbà tí mo wá ń ka ìtàn àkúrun ńlá márùn-ún tó ti ṣẹlẹ̀ láyé, mo rí i pé àwọn tó kú ni gbogbo èèyàn ń kà. Èmi, àwọn tó kù ni mo ń wá. Níbo ni wọ́n wà lọ́jọ́ tí ayé gbóná, tí omi gbẹ, tí iná ń jó? Inú ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ihò làgbà ilé.

Ní etíkun Newfoundland ní Kánádà, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Fortune Head. Àpáta ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àgbáyé fi pààlà sáà tí wọ́n ń pè ní Cambrian, nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 539 sẹ́yìn. Wọn ò fi egungun mọ ààlà náà, ipa ihò ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n: ọ̀nà wẹ́wẹ́ tí ẹ̀dá kan bí ekòló gbẹ́ sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, tó ń lọ, tó ń yọrí sókè, tó tún ń wọlẹ̀. Treptichnus pedum ni wọ́n sọ ipa náà. Ara ẹni tó gbẹ́ ẹ ti jẹrà, ihò rẹ̀ ló kù.

Ṣáájú ìgbà náà, ohun abara tín-tìn-tín tó ń yọ̀ bí ewédò ló tẹ́ bí ẹní sórí ilẹ̀ òkun, orí ẹní yìí sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ń gbé. Ta ló kọ́kọ́ ki orí bọ abẹ́ ẹní? Àwọn kan ní oúnjẹ ló ń wá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi gbà pé ẹ̀rù ló sọ ọ́ di awalẹ̀, nítorí sáà yẹn gan-an ni ẹ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀dá jẹ lójú méjèèjì. Mo máa ń fojú inú wò ó: omi tó dákẹ́, àwọn ẹ̀dá rírọ̀ tó nà gbalaja, ohun kan dé, ó já ọ̀kan jẹ. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò lójú tó lè fi ríran jìnnà, kò lẹ́sẹ̀ tó lè fi sáré. Kí ni ì bá ṣe ju kó wọlẹ̀? Àti pé, tí èèyàn bá fetí sí èdè wa dáadáa, yàrá tí a ń sùn sí àti yàrà tí a gbẹ́ yí ìlú ká kò jìnnà síra, ohùn ìgbẹ̀yìn nìkan ló yà wọ́n. Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́kàn tèmi iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: ibi tí nǹkan tó ń lé wa kò ti ní bá wa.

Àkúrun àkọ́kọ́, nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 445 sẹ́yìn, inú òkun ló ti jà, yìnyín ló sì ṣáájú rẹ̀. Mi ò ní dúró níbẹ̀. Ẹja tó ní ẹ̀dọ̀fóró ni kí a wò. Ìdílé ẹja yìí ti wà láyé láti ohun tó lé ní ọdún mílíọ̀nù 400, irú rẹ̀ kan sì ṣì wà nínú àwọn odò Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lónìí. Tí omi bá ń gbẹ, á gbẹ́lẹ̀ sínú ẹrẹ̀, á ká ara rẹ̀ kò, á fi itọ́ ara rẹ̀ ṣe aṣọ tó gbẹ mọ́ ọn lára, á wá ṣẹ́ ihò tóóró sílẹ̀ síbi ẹnu láti máa fi mí. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ ju ọdún kan lọ. Ní Texas ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti rí ihò àwọn bàbá ńlá rẹ̀ nínú àpáta sáà Permian, egungun àwọn mìíràn ṣì wà nínú ihò tí wọ́n sùn sí. Òjò ò tètè dé fún wọn.

Òpin sáà Permian yẹn, ọdún mílíọ̀nù 252 sẹ́yìn, ni ìyá gbogbo àkúrun. Ilẹ̀ là ní Siberia, iná inú ayé tú jáde, ó ṣàn bo ilẹ̀, ó sì jó èédú tó wà nísàlẹ̀. Èéfín rẹ̀ mú ayé gbóná, atẹ́gùn tí ẹ̀dá ń mí dín kù nínú òkun. Irú ẹ̀dá inú òkun tó parun lé ní 8 nínú 10. Ilẹ̀ gbígbẹ náà ò bọ́.

Kí a wá lọ sí Áfíríkà. Ní Karoo ní ilẹ̀ South Africa, àpáta pa ìtàn yìí mọ́ ju ibikíbi tí mo mọ̀ lọ. Lẹ́yìn àkúrun náà, ẹranko kan ló gba ilẹ̀ kan ní Karoo, Lystrosaurus lorúkọ rẹ̀. Ara rẹ̀ kì bí ti ẹlẹ́dẹ̀, ẹnu rẹ̀ dà bí ti ahun, eyín méjì sì yọ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Wọ́n ti rí ihò ní Karoo tí egungun rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù lọ ni òkúta kan tí James Kitching, onímọ̀ ẹranko àtijọ́, hú ní Karoo lọ́dún 1975. Ihò tí ẹrẹ̀ kún tó wá di òkúta ni. Kò sẹ́ni tó mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ títí wọ́n fi gbé e lọ sí Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, síbi ẹ̀rọ ńlá tó ń fi ìmọ́lẹ̀ líle ya inú òkúta láì fọ́ ọ. Ọdún 2013 ni wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ jáde. Ẹranko méjì ló sùn síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan ni Thrinaxodon, ẹ̀dá kékeré tó bá ìran àwọn ẹran afọ́mọlọ́mú tan, òun ló jọ pé ó ni ihò. Èkejì ni Broomistega, ìbátan ọ̀pọ̀lọ́ àtijọ́. Ìhà Broomistega ti kán rí, ó ti ń jinná. Onílé ò bu àlejò jẹ, àlejò ò sì sá. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò gbà pé oorun ọ̀gbẹlẹ̀ ni Thrinaxodon ń sùn nígbà tí aláìsàn náà wọlé tọ̀ ọ́, kí omi òjò tó ru ẹrẹ̀ bo àwọn méjèèjì. Mo ti wo àwòrán yẹn títí.

Ìhín ni mo ti fẹ́ mú ìlú mi wọ ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà wa sọ pé ìbéèrè ni orúkọ Kétu: ta ní í tú iké? Ta ní í tú ìlú? Yàrà wa jìn, odi wa ga, Àkàbà Ìdènà sì ni ẹnu ọ̀nà wa. Nígbà tí Glèlè ọba Dàhòmì dó tì wá lọ́dún 1886, kì í ṣe odi ló kọ́kọ́ ṣubú. Ebi ló wọlé. Wọ́n jó ìlú, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ sí Agbómẹ̀. Ihò láìsí oúnjẹ, sàréè ni.

Ọ̀nà méjì ni ẹranko fi yanjú èyí. Òkété ń kó ẹyìn àti àgbàdo pamọ́ sínú ihò, àwọn ọdẹ wa mọ̀ pé ebi ò ní lé e jáde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dí ojú ihò kejì kí wọ́n tó fínná sí ti àkọ́kọ́. Ìgbín ní tirẹ̀ ń dín ebi fúnra rẹ̀ kù, ó ń sùn. Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ ẹranko àtijọ́ méjì, Megan Whitney àti Christian Sidor, gé eyín Lystrosaurus tó wá láti Antarctica. Òrùka wà nínú eyín náà bí ó ṣe wà nínú igi, àwọn òrùka kan sì fún mọ́ra bí ẹni pé ara ẹranko náà ń lọ sílẹ̀, ó ń tún sọjí. Ó jọ oorun ìgbà òtútù, ní ilẹ̀ tí òkùnkùn rẹ̀ ń pẹ́.

Àwọn kan ní ara kékeré ló yọ àwọn ẹ̀dá, àwọn mìíràn ní bíbí kíákíá ni. Kí wá ni àǹfààní ara kékeré, bí kò ṣe pé ó gba inú ihò?

Àkúrun tó gbẹ̀yìn nínú márùn-ún, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ní ọdún mílíọ̀nù 66 sẹ́yìn, òkúta ojú ọ̀run tí fífẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà 10 já lu Chicxulub ní Mẹ́síkò, àwọn dáínásọ̀ ńlá lọ, ahun àti ọ̀ọ̀nì àti àwọn ẹran kéékèèké kù.  Ayé tún gbóná gidi ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 56 sẹ́yìn, ẹṣin ìgbà náà sì kéré sí i.

Ní tiwa níhìn-ín, ẹrẹ̀ adágún Sélé ní àfonífojì odò Wẹ̀mẹ̀ pa lẹ́búlẹ́bú òdòdó mọ́. Ó fi hàn pé igbó kìjikìji ló bo ilẹ̀ wa tẹ́lẹ̀, títí di nǹkan bí ọdún 4,500 sẹ́yìn tí òjò dín kù, tí ọ̀dàn gba ibẹ̀. Ọ̀bọ oníkùn pupa ò ní ihò, ó ń bá igbó rìn ni, igbó Lama sì wà lára ibi díẹ̀ tó kù fún un ní Bẹ̀nẹ̀. Ní Mọriténíà, níbi tí Sàhárà ti gba ilẹ̀, ọ̀ọ̀nì ṣì wà. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, wọ́n á wọ inú ihò àti ihò àpáta.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún tí mò ń wí yẹn rọ̀ lóru. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo fi sáré lọ sóko. Ojú ibi tí ìgbín tẹ̀ sílẹ̀ nínú ilẹ̀ pupa ni mo bá, omi díẹ̀ ti gún sínú rẹ̀. Àwọ̀ funfun ti fọ́ wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ipa itọ́ rẹ̀ sì ń dán lọ sábẹ́ igi.