Kí ni lílu ìyàwó ní í ṣe pẹ̀lú gíga ọmọ?

Ìwádìí ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2023 sí 2024 fi hàn pé, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, nǹkan bí 40 ni kò ga tó bí ó ti yẹ kí ọmọ ọjọ́ orí wọn ga. Ìròyìn yẹn nìkan ti tó láti kó ìdààmú bá òbí. Ohun tí ó wá da ọ̀rọ̀ rú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó ni àlàyé tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò fi tẹ̀ lé e, pé àwọn olùwádìí rí i pé ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń lu ìyá rẹ̀ kì í sábà ga tó ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Agége ni àwọn òbí ti ń béèrè ohun tí ó túmọ̀ sí. Àwọn ìbéèrè tí ó wọ́pọ̀ jù nìyí.

Ṣé òótọ́ ni pé bí ọkọ bá ń lu ìyàwó rẹ̀, ọmọ wọn kò ní ga?

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni àwọn olùwádìí ṣe sọ ọ́. Wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní Bangladesh, ní India àti ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Áfíríkà, wọ́n sì rí i nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí pé ọmọ tí kò ga tó máa ń pọ̀ díẹ̀ nínú ilé tí ọkọ ti ń na aya ju ilé tí kò ti sí i lọ. Àwọn ìwádìí mìíràn wà tí ìyàtọ̀ náà kéré jọjọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìyá wọn jìyà lọ́wọ́ ọkọ ni ó ga dáadáa, ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò ga tó ni ó sì wá láti ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti gbé ọwọ́ sókè sí ẹnìkejì.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ọmọ kò ga tó? Bí bàbá rẹ̀ náà bá kúrú ńkọ́?

Wọ́n máa ń wọn ọmọ lórí pákó ìwọnga. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì yóò dùbúlẹ̀, ènìyàn méjì ni yóò sì wọ̀n ọ́n: ẹnìkan yóò di orí rẹ̀ mú, ẹnìkejì yóò na orúnkún rẹ̀, yóò sì ti pákó kékeré mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Iye tí wọ́n bá rí ni wọn yóò fi wé òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2006, èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí wọ́n wọn àwọn ọmọ tí a tọ́jú dáadáa ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, tí Ghana wà lára wọn.

Ìbéèrè nípa bàbá tí ó kúrú dára púpọ̀, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ti ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé ìran wà. Bí a bá kó ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ara wọn le, tí wọ́n sì jẹun kánú jọ, méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn yóò wà lábẹ́ ìlà tí òṣùwọ̀n náà fi ń ya ọmọ tí kò ga tó sọ́tọ̀, nítorí pé bí a ṣe bí wọn nìyẹn. Nígbà tí ó bá wá di 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ìran kò lè ṣàlàyé rẹ̀ mọ́. Oúnjẹ, àìsàn àti ipò tí ìyá wà ni a gbọ́dọ̀ bi léèrè.

Ṣé ọmọ tí kò ga tó náà ni ọmọ tí ó rù?

Rárá, ọmọ lè rù láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n àìga máa ń gba oṣù àti ọdún, ọmọ tí kò ga tó sì lè sanra lójú.

Ta ni obìnrin tí yóò sọ fún àlejò pé ọkọ òun ń lu òun?

Àwọn tí ó ń sọ ọ́ pọ̀ ju bí a ti rò lọ, ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìwádìí ń gbà béèrè ni ó sì fà á. Obìnrin kan péré ni wọ́n máa ń yàn nínú ilé kọ̀ọ̀kan fún apá ìbéèrè yìí, kí ìyàwó kejì tàbí ìyá ọkọ má baà mọ ohun tí wọ́n bi í. Bí kò bá sí ibi tí wọ́n ti lè dá wà, wọn kò ní béèrè rárá. Ẹ wo bí ìyẹn yóò ti rí ní Mùṣin, nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dá ní ọ̀sán. Òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wá igun kan, bí ẹnikẹ́ni bá sì yọjú, yóò yí ìbéèrè padà sí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí omi mímu títí ẹni náà yóò fi kọjá.

Wọn kì í béèrè pé, "Ṣé ọkọ yín jẹ́ oníwà ipá?" nítorí pé ọ̀pọ̀ obìnrin yóò dáhùn pé rárá, kí wọ́n má baà ba ọkọ wọn jẹ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń dárúkọ: ǹjẹ́ ó ti gbá yín létí rí, ǹjẹ́ ó ti tì yín rí, ǹjẹ́ ó ti fún yín lọ́rùn rí? Nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2018, obìnrin 31 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49 ni ó sọ pé ẹnìkan ti lu òun rí láti ìgbà tí òun ti pé ọmọ ọdún 15. Lára àwọn tí ó ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ tàbí tí wọ́n fi ipá bá lò pọ̀, ó ju ìdajì lọ tí kò wá ìrànlọ́wọ́ kankan rí.

Àwọn kan ṣì máa ń fi í pa mọ́ dájúdájú. Ẹni tí ó bá fi í pa mọ́ yóò bọ́ sí apá àwọn tí a kò lù nínú ìṣirò, ìyẹn sì sábà máa ń mú kí ìyàtọ̀ láàárín ilé méjèèjì dà bí ẹni pé ó kéré ju bí ó ti rí lọ.

Báwo ni ìyà tí ìyá ń jẹ ṣe lè dé ara ọmọ?

Ó lè bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó wáyé. Lílu aboyún lè mú kí ó bímọ ṣáájú àsìkò, tàbí kí ó bí ọmọ tí kò tó kílò méjì àbọ̀. Lẹ́yìn ìbímọ, ìbẹ̀rù àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè mú kí ọmú ṣòro fún ìyá láti fún ọmọ bí ó ti yẹ. Ọmọ oṣù mẹ́jọ kò sì lè dá jẹun: ẹni tí yóò fi sùúrù jókòó tì í, tí yóò tún fi síbí bu òmíràn sí i lẹ́nu nígbà tí ó bá tu ti àkọ́kọ́ dànù, ni ó nílò. Ìyá tí ara ń ro, tí etí rẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé ọkọ ń bọ̀, kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn.

Owó náà wà níbẹ̀. Ọkọ tí ó ń luni sábà máa ń di owó mú pẹ̀lú. Ó lè gba èrè tí aya jẹ nínú ọjà Oyíngbò, ó lè ṣòfin pé aya kò gbọ́dọ̀ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn láìgba àṣẹ. Ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe léraléra, tí a kò sì tètè gbé lọ fún ìtọ́jú, ohun tí ó bá jẹ kò ní ṣe é láǹfààní bí ó ti yẹ.

Mo fẹ́ kí èyí yé wa yékéyéké: kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ó jẹ́ ẹ̀bi ìyá. Ẹbí tí ó bá fi ìròyìn yìí bú ìyàwó ilé pé òun ni kò jẹ́ kí ọmọ ga ti yí ọ̀rọ̀ náà sódì.

Ṣé kì í ṣe òṣì lásán ni?

Òṣì kó ipa ńlá. Nítorí náà ni àwọn olùwádìí fi máa ń fi ìyá wé ìyá tí wọ́n jọ wà ní ipò kan náà ní owó, ní ìwé kíkà àti ní ọjọ́ orí, ìyàtọ̀ tí ó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Nínú àwọn ìwádìí kan, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ kù. Ó tún lè jẹ́ pé àìrówó ra oúnjẹ ọmọ ni ó dá ìjà sílẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yìí yóò sọ pé lílu ìyàwó àti àìga ọmọ máa ń rìn pọ̀, kò ní sọ pé ọ̀kan ni ó fa èkejì nínú gbogbo ilé.

Dókítà ní kí a kọ́kọ́ fún ọmọ wa lóúnjẹ kí òun tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ṣé òun náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Àìjẹunrekánú ni ó so wọ́n pọ̀. Ara ọmọ tí kò jẹun kánú kì í lè bá kòkòrò àrùn jà dáadáa, ojú abẹ rẹ̀ sì máa ń pẹ́ kí ó tó jiná. Fún ọmọ tí a bí pẹ̀lú ètè tí ó là, ìlànà kan ti wà tipẹ́tipẹ́ tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ń lò: kí ọmọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kí ó wọ̀n tó kílò mẹ́rin àbọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì tó. Ìdádúró yẹn kì í ṣe kíkọ ọmọ sílẹ̀. Ẹ béèrè iye kílò tí wọ́n fẹ́ kí ó wọ̀n àti ọjọ́ tí ẹ óò padà wá. Iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì kò sí nínú èyí. Bí ìfun ọmọ bá dí, wọn kò ní dúró kí ó sanra.

Ṣé ìjọba lè gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi nítorí pé kò ga tó?

Rárá. Àìga ọmọ kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni dẹ́ṣẹ̀.

Kí ni kí n máa ṣọ́ lára ọmọ mi?

Bí ọmọ bá ti pé oṣù mẹ́fà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé lè fi téèpù aláwọ̀ mẹ́ta wọn apá rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí àwọ̀ pupa, ìyẹn ni pé apá náà kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ó nílò ìtọ́jú kíákíá. Ẹ tún fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn wọnú tí kò sì tètè padà, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ kún.

Ọmú nìkan ni kí ọmọ mu fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ògì tí ó ṣàn kò tó. Ẹ po edé lílọ̀, ẹyin tàbí ẹ̀wà tí a bó tí a sì lọ̀ kúnná mọ́ ọn, kí ẹ sì fi epo díẹ̀ sí i.

Bí ọkọ bá ń lù mí, ibo ni kí n lọ?

Bí ewu bá wà lọ́wọ́, ẹ pe 112 tàbí 767. DSVA ni àjọ tí ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin gbé kalẹ̀ ní ọdún 2021 fún ọ̀rọ̀ ìwà ipá abẹ́lé. Òfin ìpínlẹ̀ náà ti ọdún 2007 sì fún yín láǹfààní láti béèrè àṣẹ ààbò ní ilé-ẹjọ́.

Ṣé kí n fi ìròyìn yìí han ọkọ mi, bóyá yóò jáwọ́?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi í ko ó lójú ní ẹ̀yin méjì péré, pàápàá bí ó bá ti fún yín lọ́rùn rí tàbí tí ó ti halẹ̀ pé òun yóò pa yín. Ó lè gbà á sí pé ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ ilé síta. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé ọmọ lọ gba àjẹsára ni ẹ lè lò. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Bí òun ni ó kọ́kọ́ béèrè, kì í ṣe dandan kí ẹ dáhùn lọ́jọ́ náà. Ẹ lè padà wá sọ ọ́ nígbà tí ọkàn yín bá balẹ̀.