Iṣẹ́ Ń Pọ̀ Sí I ní Agbègbè Ẹ̀pẹ́, Kí Ló Dé tí Àwọn Aláìríṣẹ́ṣe Kò Dínkù?

Ìbéèrè: Wọ́n ṣí èbúté ọkọ̀ òkun Lekki ní 2023, ilé ìfọpo Dangote, tí agbára rẹ̀ tó àgbá epo rọ̀bì 650,000 lóòjọ́, sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024. Kí ló wá dé tí àwọn tó ń wá iṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ ṣì pọ̀ tó báyìí?

Ìdáhùn: Ẹni tó bá kọjá ní oríta Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ kùtù yóò rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin létí títì, ṣọ́bìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, aṣọ iṣẹ́ tí sìmẹ́ńtì ti gan mọ́ lára wà nínú ọ̀rá dúdú, tí wọ́n ń retí agbaṣẹ́ṣe tó fẹ́ mú ènìyàn mẹ́ta, tí mẹ́wàá yóò sì sáré bò ó. Ẹ óò gbọ́ èdè Ẹ̀gùn, Ìlàjẹ, Ìgalà àti Haúsá lẹ́nu wọn. Iṣẹ́ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkìkí rẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ dé abúlé tó jìnnà réré. Kíkọ́ ilé iṣẹ́ ńlá ló sì ń gba èrò. Bí wọ́n bá kọ́ ọ tán, ìwọ̀nba àwọn tó mọṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣẹ́kù síbẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé wọn kò mọ̀ pé iṣẹ́ náà kò kárí ni?

Ìdáhùn: Wọ́n mọ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní 1970, John Harris àti Michael Todaro, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ṣàlàyé pé ẹni tó ń kúrò nílé máa ń fi owó tí iṣẹ́ ìlú ń mú wá wé bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí òun rí iṣẹ́ náà. Ká ní àgbẹ̀ ń rí 40,000 náírà lóṣù lábúlé, tí òṣìṣẹ́ ìlú ń gba 80,000. Bí iṣẹ́ 50 bá wà fún ènìyàn 100, ìdajì 80,000 ni olúkúlùkù lè fọkàn sí, èyí tí í ṣe 40,000, kò sì sí ìdí tí ẹlòmíràn yóò fi ṣí kúrò lábúlé. Wàyí o, ẹ fi iṣẹ́ 20 kún un. Iṣẹ́ di 70, ìrètí pọ̀ sí i, èrò yóò sì máa wọlé títí wọn yóò fi di 140, tí ohun tí olúkúlùkù lè fọkàn sí yóò tún padà di 40,000. Àwọn tí kò níṣẹ́, tí wọ́n jẹ́ 50 tẹ́lẹ̀, ti di 70 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ ni a fi kún un.

Ìbéèrè: Ṣé kí a wá lé àwọn àlejò padà ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Abala 41 ìwé òfin 1999 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ibi tó bá wù wọ́n. Ẹ̀pẹ́ tó gba Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ́ra nígbà tí wọ́n sá kúrò ní Èkó ní 1851, tí àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ ti ara wọn ṣẹ̀, kò yẹ kó máa fojú burúkú wo ẹni tó wá jẹun òógùn rẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an bí mo bá gbọ́ pé kí a lé wọn. Ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tó wà lábúlé ni kí a ti lọ wá àtúnṣe. Bí ọ̀nà tó dára àti ibi tí ìkórè kò ti ní jẹrà bá mú kí 40,000 rẹ̀ di 50,000, èrò tí iṣẹ́ 70 yẹn yóò fà wá sílùú kò ní ju 112 lọ, torí níbẹ̀ ni ohun tí olúkúlùkù lè fọkàn sí nílùú ti di 50,000 bákan náà. Àwọn tí yóò máa dúró lóríta yóò sì dín láti 70 sí 42.