Sarsang: Odò kan, iṣẹ́ méjì, ní Martakert

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí agbègbè Martakert ṣe rí, kí ó tẹ̀ lé odò Tartar. Àríwá Nagorno-Karabakh ni agbègbè náà wà, ilẹ̀ olókè tí àwọn Arméníà àti Asẹrbáíjàn ti jà sí. Ağdərə ni àwọn ará Asẹrbáíjàn ń pè é. Àwọn Arméníà ti pẹ́ níbẹ̀: ọdún 1240 ni wọ́n ya ilé ìjọsìn Gandzasar sí mímọ́. Orí òkè Kelbajar ni odò náà ti ṣẹ̀. Ó gba àárín àwọn òkè Martakert kọjá, ó já sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin òwú, lẹ́yìn náà ló wá wọ inú odò Kura.

Ní 1976, nígbà ìjọba Soviet, wọ́n parí ìdídò Sarsang, ògiri ńlá tó sé omi, lórí odò yìí. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 125. Adágún ẹ̀yìn rẹ̀ lè gba mílíọ̀nù 560 kúbíìkì mítà omi, ilé iṣẹ́ iná ìdí rẹ̀ sì lè pèsè mẹ́gáwáàtì 50. Omi tó bá yí ẹ̀rọ tán a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí adágún kékeré ní Mataghis. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń darí rẹ̀ sí oko Tartar, Barda àti Aghdam.

Iṣẹ́ méjì yìí, iná àti omi oko, kò bá ara wọn mu lásìkò. Yìnyín orí òkè a máa yọ́ láti oṣù kẹrin sí ìkẹfà, adágún a sì kún. Àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ fẹ́ omi náà ní oṣù keje àti ìkẹjọ tí oòrùn bá mú ganrínganrín. Ẹni tó ń pèsè iná ní tirẹ̀ fẹ́ fi pamọ́ di ìgbà òtútù, nígbà tí odò bá fà, tí gbogbo ilé sì ń wá ohun tí wọn yóò fi yáná. Níwọ̀n ìgbà tí ìjọba kan ló ni òkè àti ìsàlẹ̀, wọ́n á bu fún oko, wọ́n á bu fún iná.

Ogun àwọn Arméníà àti Asẹrbáíjàn ló ba ètò yẹn jẹ́. Láti 1993, ìdídò wà lọ́wọ́ àwọn Arméníà, oko wà lọ́wọ́ Asẹrbáíjàn, ìlà ogun sì dábùú àárín wọn. Àwọn àgbẹ̀ ń ké pé ìgbà òtútù tí àwọn kò nílò omi ni wọ́n ń tú u sílẹ̀. Ẹjọ́ náà dé àpéjọ àwọn aṣòfin Ìgbìmọ̀ Yúróòpù ní 2016. Ogun 2020 tún yí i padà: Mataghis àti Kelbajar bọ́ sọ́wọ́ Asẹrbáíjàn. Àárín odò, níbi tí ìdídò wà, nìkan ló kù fún àwọn Arméníà.

Ní January 9, 2023, okùn iná tó ń bọ̀ láti Arméníà já ní ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Asẹrbáíjàn, wọn kò sì tún un ṣe. Sarsang ni àwọn Arméníà Karabakh wá gbára lé jù lọ fún iná. Gíga tí omi ti ń já ló ń fún un lágbára láti yí ẹ̀rọ. Bí adágún bá fà, gíga yẹn dín kù, omi púpọ̀ sí i ni wọn yóò sì tú kí iná tó lè tó ti àná. Bí wọ́n ṣe ń tú u ni adágún ń fà sí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń mú iná lọ fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, nínú òtútù, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà oúnjẹ pàápàá ti dí láti December 2022.

Ní September 2023, ọmọ ogun Asẹrbáíjàn kọlu ìyókù Karabakh. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn Arméníà tó lé ní 100,000 ti sá lọ. Láti Kelbajar dé Kura, ọwọ́ ìjọba kan ni odò Tartar tún wà báyìí; àwọn tó ń fi iná Sarsang yáná ti ṣí kúrò.