Kí owó dátà tó gorí ní Sábọ̀, wọ́n ti sọ ọ́ tán ní Àbújá

Ní oṣù Èrèlé ọdún 2025, ẹni tó bá fẹ́ ra dátà ní Sábọ̀, ní Ìkòròdú, bá iye tuntun lára pátákó. Wọ́n ti fi máákà fa ìlà sórí ti àtijọ́. Ọmọ tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn ni oníbàárà ń kanra mọ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò mọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́, lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kò gbọ́ orúkọ wọn rí: ALTON, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó gbàwé àṣẹ iṣẹ́ tẹlifóònù, àti ATCON, tó kó oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ mọ́ra.

Ará ọjà mọ irú nǹkan yìí dáadáa. Bí owó ìsọ̀ bá wọ́n jù, oníṣọ́ọ̀bù kan kì í dá lọ sí ààfin Ayangbúrẹ́n, ọba Ìkòròdú. Ìyálọ́jà ló ń kó wọn lẹ́yìn. Àwọn tó ń já oníbàárà gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́ láàárọ̀ á jọ wọ ankárá kan náà lọ kí kábíyèsí lọ́sàn-án. Lọ́bì nìyẹn: kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kan kàn kó ara wọn jọ lọ bá aláṣẹ sọ ọ́. Ti àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kàn ní ọ́fíìsì, ó ní lọ́yà, ó sì ní ẹni tí wọ́n ń sanwó fún kó máa ka àbádòfin. Owó ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń gbé gbogbo rẹ̀ ró.

Kí ló dé tí MTN tàbí Airtel kò fi ní dá tirẹ̀ sọ? Kò sí ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kí orúkọ òun nìkan wà lára owó tó fẹ́ gorí. Bí ẹgbẹ́ bá sọ ọ́, gbogbo wọn ló sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ti dátà yẹn. Abala 108 nínú òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 ní ilé-iṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ gba iye tí NCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, kò fọwọ́ sí, torí náà ẹnu ọ̀nà NCC ni ìlù ti ń dún jù. Láti 2013 ni iye náà ti dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà ni náírà já: dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi 460 náírà ní àárín 2023 ti tó nǹkan bíi 1,500 nígbà tí 2024 fi ń parí. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ, epo dísẹ́ẹ̀lì ló sì ń gbé òpó nẹ́tíwọ̀kì ró. Ẹ̀dùn wọn kì í ṣe irọ́. Ọgbọ́n wà nínú bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ ni.

Ní 2024, ẹgbẹ́ méjèèjì jáde pọ̀. Wọn kò sọ̀rọ̀ èrè. Iṣẹ́ tí yóò dẹnu kọlẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí ọdún ń lọ sópin, Gbenga Adebayo, alága ALTON, kìlọ̀ pé bí owó kò bá gorí, ó ṣeé ṣe kí nẹ́tíwọ̀kì máà sí láwọn ibì kan ní àwọn àkókò kan lójúmọ́. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, Bosun Tijani, mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀, ní owó yóò gorí, ṣùgbọ́n kò ní tó ìlọ́po méjì. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, NCC fọwọ́ sí àfikún tí kò ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti béèrè ju ìdá 100 lọ. Ẹni tó bá ti ná ẹja rí ní Ẹ̀bùtè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC dájọ́ ìwọ́de sí 4 oṣù Èrèlé, wọ́n sì dá a dúró lẹ́yìn ìpàdé pẹ̀lú ìjọba. Àwọn náà ń lọ́bì, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ló mọ iye lítà epo tí òpó kan ń mu, púpọ̀ nínú ìṣirò tó sì ń dé iwájú àjọ náà, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń wá.

Ẹnu ọ̀nà kejì ni ti gómìnà. Owó tí ìpínlẹ̀ ń gbà kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀ sin okùn fáíbà, tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì, ni ìjà ibẹ̀. Àdéhùn ti wà láti 2013 pé kó jẹ́ 145 náírà fún mítà kan. Àwọn gómìnà tún un sọ ní 2020, púpọ̀ nínú wọn kò sì tẹ̀ lé e. Kayode Fayemi, tó jẹ́ gómìnà nígbà náà, gé ti Èkìtì wálẹ̀ láti 4,500 sí 145 lọ́dún yẹn, ni Èkìtì bá di ọmọ rere tí wọ́n ń nàka sí fún àwọn yòókù. Ní Ìkòròdú, ìjọba ìbílẹ̀ kan àti LCDA márùn-ún, àwọn ìjọba ìdàgbàsókè tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀, ló wà, LASIMRA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó, sì wà lókè wọn fún ọ̀rọ̀ òpó àti okùn. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n ní láti kàn kò kéré.

Ti ilé aṣòfin kò gùn: lẹ́yìn kíkà kejì, àbádòfin lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ pe ìjókòó ìta gbangba, ẹni tó ní ìwé àbá sì mú un wá. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni, ní Àbújá.

Lọ́bì yàtọ̀ sí rìbá. Òfin kò lòdì sí i. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1995 mú kí àwọn tó ń ṣe é forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa sọ iye tí wọ́n ná látìgbà dé ìgbà. Nàìjíríà kò ní irú rẹ̀. Ohun tó wà ni pé bí NCC bá fẹ́ tún ìlànà ṣe, ó máa ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kọ tirẹ̀ ránṣẹ́. Ọmọ tó ń ta dátà ní Sábọ̀ lè kọ ọ́. Ìwé ọ̀hún gùn, èdè lọ́yà sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ní Gẹ̀ẹ́sì. Dátà ni yóò sì fi ṣí i.